Ìwọ̀n Abẹ Lọ́wọ́: Láti Sheffield dé Solingen

Abẹ tí àwọn ará Yúróòpù fi ń fá irùngbọ̀n kí abẹ Gillette ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pààrọ̀ ojú rẹ̀, tó dé ní ẹ̀yà mẹ́ta: abẹ fúnra rẹ̀, èèkù tó ń ṣẹ́ bò ó bí àkọ̀, àti ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ tó so méjèèjì pọ̀. Ìdí ìṣó yìí ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n wà.

Tí wọ́n bá ṣí abẹ, ìka mẹ́ta á gun ẹ̀yìn ọrùn abẹ, àtàǹpàkò á gbé e láti ìsàlẹ̀, ọmọńdinrín á sì sinmi lórí ìrù tó yọ kọjá ìṣó. Èèkù á dúró sókè lẹ́yìn ọwọ́. Bí abẹ bá wúwo ju èèkù lọ, imú rẹ̀ á máa tẹrí ba. Bí èèkù ló bá wúwo jù, á máa fa ìrù sẹ́yìn, imú abẹ á sì máa gbé sókè. Òótọ́ ni pé ọwọ́ lè dá a dúró, àmọ́ àfi kó dì í mú gírí, ọwọ́ tó bá sì le báyìí kì í tètè gbọ́ ohun tí abẹ ń ṣe lára awọ. Èyí tó bá dọ́gba ń fi ìwúwo ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, títọ́ sọ́nà ló kù fún ọwọ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Abẹ tí wọ́n ń rọ ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 18 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìrù rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ó sì ń fẹ́lẹ́ bọ̀ títí dé ojú, bí ẹnu àáké. Láàárín ọdún 1740 sí 1750 ni Benjamin Huntsman, tó ń ṣe aago, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ irin líle nínú ìkòkò amọ̀ ní Handsworth, nítòsí Sheffield, nítorí ó ń wá irin tó dára fún aago rẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ìlú náà kọ̀ ọ́, wọ́n ní ó le jù, ló bá ń tà á fún àwọn ará Faransé. Ìgbà tí ọjà Faransé fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wọn ni wọ́n tó gbà á. Irin yìí rí bákan náà jákèjádò, èyí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti mú ojú abẹ fẹ́lẹ́ kó má sì tètè kú.

Ní 1769, Jean-Jacques Perret, alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ní Paris, kọ ìwé kan láti kọ́ àwọn ọkùnrin bí wọ́n ṣe lè fá irùngbọ̀n ara wọn. Lójú tèmi, ibí yìí ni ìwọ̀n ti di ọ̀ràn gbogbo ènìyàn. Onígbàjámọ̀ tó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ṣẹ́ lè fara da abẹ tí kò dọ́gba. Ẹni tó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, tó ń yí ọwọ́ padà lábẹ́ àgbọ̀n, kò lè fara dà á. Láti ìparí ọ̀rúndún 18 wọ inú 19 ni ìrù abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, tí ìka sì rí ibi dúró sí.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ní Sheffield nígbà náà, ẹni tó ń rọ abẹ yàtọ̀ sí ẹni tó ń lọ̀ ọ́ lórí òkúta yíyí (àwọn wọ̀nyí kì í sábà dàgbà, eruku òkúta ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́), ẹni tó ń fi èèkù sí i sì tún yàtọ̀. Ọwọ́ ẹni ìkẹyìn yìí ni ìwọ̀n kù sí. Ìwo ẹran ló sábà máa ń lò, tàbí eyín erin, tó wúwo jù ú lọ, fún ẹni tówó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ èèkù àtijọ́, òjé ni wọ́n fi há ìdí rẹ̀. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n òjé wúwo, ọ̀kánkán ibi tó jìnnà jù lọ sí ìṣó ló sì wà, ó sì lè gbé abẹ tó nípọn.

Solingen ní Jámánì, ìlú tí wọ́n ti ń rọ idà tipẹ́, ló da ètò yìí rú. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún 19, wọ́n ń lọ̀ ẹ̀gbẹ́ abẹ méjèèjì títí yóò fi jin wọnú, tí irin tó kù lójú rẹ̀ á fẹ́lẹ́ gan-an. Abẹ wá fúyẹ́, eyín erin òun òjé sì di ẹrù. Sẹ́lúlọ́ìdì, tí John Wesley Hyatt gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1870, bọ́ sákòókò: ó ṣeé sọ di pẹlẹbẹ, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ti àwọn tó ń yọ èèkù tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ dà nù lónìí láti fi igi líle tàbí idẹ rọ́pò rẹ̀ nítorí ẹwà. Abẹ Wade & Butcher láti Sheffield, tó fẹ̀ tó sì wúwo, tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà lọ́pọ̀lọpọ̀, lè ru irú èèkù bẹ́ẹ̀; ti Solingen kò lè rù ú.

Àwọn ará Jàpáànù kò tilẹ̀ ní wàhálà ìwọ̀n abẹ àti èèkù yìí. Abẹ tiwọn, kamisori, kò ní èèkù tó ń ṣẹ́. Òun àti ìdí tí wọ́n ń dì mú jẹ́ irin kan ṣoṣo.

Nígbà tó yá, Gillette dé: ó ta abẹ 51 péré ní 1903. Ní 1904, ó ta ju 90,000 lọ. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ àwọn onígbàjámọ̀ àti àwọn tó fẹ́ràn ohun àtijọ́ ni abẹ onírù kù sí jù. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan lè dán an wò lọ́gán: kó ṣí i tán gbọọrọ, kó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ìka kan ṣoṣo, kó máa sún un títí yóò fi dúró. Ti Solingen tó dára sábà máa ń dúró nítòsí ìṣó.