Láti Word dé Wiki: Ta Ló Gbé Àmì Wa Lọ?

Shasha níbí la wà.

Bàbá àgbà mi ní kí wọ́n tẹ ìtàn ìdílé wa sí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó kú. Lóṣù tó kọjá, mo fẹ́ gbé fáìlì Word náà sórí wiki kékeré tí àwa mọ̀lẹ́bí ń lò. Bí mo ṣe gbé e síbẹ̀ báyìí, gbogbo ẹ, ọ àti ṣ di àmì tí n kò mọ̀ rí. Oríkì kò ṣeé kà mọ́!

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn.

Ní 1843, Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1875, ìjọ CMS ṣèpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kò ní àmì ìsàlẹ̀ wa. Làwọn kan bá ṣe fọ́ǹtì tó ń ya ẹ sójú àmì mìíràn. Ojú rí ẹ, kọ̀ǹpútà mọ nǹkan mìíràn. Unicode ló wá fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: ti ẹ ni 1EB9, ti ọ ni 1ECD.

Ward Cunningham, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe wiki àkọ́kọ́ ní 1995. Orúkọ bọ́ọ̀sì kan ní pápákọ̀ òfurufú Honolulu ló mú. "Kíákíá" ni ìtumọ̀ wiki lédè Hawaii. Wikipedia tẹ̀lé e ní 2001. Lórí Wikipedia, àmì == méjì ló ń yí àkọlé ká, ''' sì ń mú ọ̀rọ̀ dúdú kirikiri. LibreOffice àti Pandoc lè bá ọ yí fáìlì Word sí irú èyí. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà inú rẹ̀ bá ti bàjẹ́, bó ṣe bàjẹ́ náà ni wọn yóò gbé e kọjá.

Nítorí náà, mo kọ́kọ́ fi lẹ́tà tòótọ́ rọ́pò àmì kọ̀ọ̀kan, kí n tó yí fáìlì náà padà. Ó ku ẹyọ kan: "Bàbá wa fi ogun sílẹ̀." Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò fi àmì ohùn sí i. Ṣé ó sá lójú ogun ni, àbí ó fi ogún sílẹ̀ fún wa? Mo pe màmá àgbà.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ogún ni o! Ilẹ̀ tí ẹ ń gbé lórí rẹ̀ ńkọ́?"

Kò sí ẹ̀rọ tó lè bá ọ ṣe ìyẹn. Ẹ pe àwọn àgbà yín lónìí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.