Àwòrán Inú Ọpọlọ Nínú Ìtàn Ìwádìí Àrùn Rọpárọsẹ̀

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni àìsàn tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ráyè dé apá kan ọpọlọ mọ́, yálà nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó dì ti dí òpó tó ń gbé e lọ, tàbí nítorí pé òpó náà bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì tú sínú ọpọlọ. Irú méjèèjì a máa fi àmì kan náà hàn lóde ara: ẹnu á wọ́, ọ̀rọ̀ á lọ́ mọ́ aláìsàn lẹ́nu, apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan á rọ, bẹ́ẹ̀ oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, tó lè gba ẹni tí òpó rẹ̀ dí là, lè pa ẹni tí tirẹ̀ bẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wá ọ̀nà tí wọ́n lè gbà rí inú ọpọlọ ẹni tó ṣì wà láàyè.

Òkú nìkan ló kọ́kọ́ ń fún wọn lésì. Johann Jakob Wepfer, oníṣègùn ará Schaffhausen ní orílẹ̀-èdè Switzerland, la orí àwọn tí àrùn náà pa, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1658 pé ẹ̀jẹ̀ tó tú sínú ọpọlọ ni òun bá níbẹ̀. X-ray tí Wilhelm Röntgen ṣàwárí ní Jámánì ní 1895 kò yanjú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé egungun agbárí ló ń fi hàn kedere, kì í ṣe ọpọlọ tó rọ̀ tó wà nínú rẹ̀.

Egas Moniz, onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ ní Lisbon, ló là á já ní 1927. Ó ronú pé bí òpó ẹ̀jẹ̀ kò bá hàn lójú X-ray, ó yẹ kí á lè fi ohun tó máa hàn kún ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Ó sì gún oògùn tó ní áyódììn sínú òpó ńlá tó gba ọrùn lọ sí orí, ó ya àwòrán lójú ẹsẹ̀, àwọn òpó inú ọpọlọ sì yọ bí ẹ̀ka igi. Iṣẹ́ náà kò ṣàì ní ewu, aláìsàn kan kú nígbà tí ó ṣì ń dán an wò. Ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n fún Moniz ní 1949 kì í tilẹ̀ ṣe torí àwòrán yìí, bí kò ṣe torí iṣẹ́ abẹ tó ń ṣe fún àwọn alárùn ọpọlọ, èyí tí ìṣègùn ti kẹ̀yìn sí báyìí, nígbà tí àwọn dókítà ṣì ń ya àwòrán òpó ẹ̀jẹ̀ títí di òní. Ní 1951, C. Miller Fisher ará Kánádà fi hàn pé òpó ọrùn yìí gan-an, bí ó bá dí, ló ń fa ọ̀pọ̀ rọpárọsẹ̀ tí wọ́n rò pé inú ọpọlọ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kò tíì hàn síbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù October 1971, ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Wimbledon, wọ́n kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe fún aláìsàn: ẹ̀rọ náà ń ta ìtànṣán X-ray gba orí kọjá láti ìhà gbogbo, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò rẹ̀ di àwòrán ọpọlọ bí ẹni gé e ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó tú máa ń funfun nínú àwòrán náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé lè má hàn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. MRI, tó ń fi agbára òòfà ṣiṣẹ́, ló dí àlàfo yìí. Ní 1990, Michael Moseley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kalifọ́níà lò ó láti wo bí omi ṣe ń rìn nínú ọpọlọ ológbò, wọ́n sì rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé kí wákàtí kan tó pé. Nígbà tí ìwádìí ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1995 pé oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì ń ṣèrànwọ́ bí wọ́n bá lò ó láàárín wákàtí mẹ́ta, dandan ni kí CT kọ́kọ́ fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kò tú.

Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tó ní àrùn náà nílùú láti 1973 sí 1975, nígbà tí CT kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, tó jẹ́ pé ọwọ́ àti ojú dókítà ni wọ́n gbára lé. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò lè fi ìdánilójú ya òpó tó dí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó bẹ́. Ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn olórí rẹ̀, tún un ṣe: láti 2014 sí 2017, ní ibùdó 15 ní Nàìjíríà àti Gánà, wọ́n fi àwọn aláìsàn 2,118 tí CT tàbí MRI jẹ́rìí sí àrùn wọn wé iye kan náà àwọn tí kò ní in. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló tú. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, ẹ̀jẹ̀ ríru ló léwájú nínú ohun tó ń fa àrùn náà, àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé sì wà lára àwọn yòókù. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ apá ti tó láti mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tí CT kò tíì dé.