Ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù àti Ọwọ́ Olùkọ́

Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá: ẹni tí kò ní láárí, agbádá kò lè fi láárí kún un. Ọ̀pọ̀ ló ń fi òwe yìí bú àlùfáà tó wọ kásọ́ọ̀kì tí kò mọ Ìwé Mímọ́, wọ́n á sì ti ibẹ̀ sọ pé oyè àlùfáà kò já mọ́ nǹkan kan. Òwe náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní kí a bọ́ aṣọ. Kí a má fi aṣọ díwọ̀n ènìyàn ló wí. Ìbéèrè tó kù fún wa ni ohun tí oyè yìí ń fún ẹni tó jẹ ẹ́, àti ohun tí kò lè fún un.

Èrò tó gbilẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti gbé ọwọ́ lé ènìyàn lórí, ìmọ̀ ti bà lé e nìyẹn. Ẹ wo Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 13. Sọ́ọ̀lù tí wọ́n gbé ọwọ́ lé ní Áńtíókù kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Ó ti ń wàásù láti Dámásíkù, òun àti Bánábà sì ti fi odidi ọdún kan kọ́ ìjọ Áńtíókù kan náà. Ọwọ́ yẹn kò sọ wọ́n di ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ ló gbé lé wọn léjìká, ìjọ sì fi jẹ́rìí pé Ẹ̀mí ló pè wọ́n. Àṣẹ ni ìgbọ́wọ́léni ń fún ni. Ẹ̀kọ́, ọwọ́ olùkọ́ la ti ń gbà á. Ìdí nìyí tí Pọ́ọ̀lù fi kìlọ̀ fún Tímótì pé kó má kánjú gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ náà ló ń kọ́ni, ewu wo ni ì bá wà nínú ìkánjú? Ẹnì kan lè ní ṣebí Tímótì fúnra rẹ̀ gba ẹ̀bùn nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tó ti sọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni Pọ́ọ̀lù ti dárúkọ ìyá Tímótì àti ìyá rẹ̀ àgbà, tó sì ní kó má gbàgbé àwọn tó kọ́ ọ láti kékeré. Ẹ̀kọ́ ti wà nílẹ̀ kí ẹ̀bùn tó bá a.

Ìgbésí ayé Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, fi èyí hàn kedere. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827, ó sì di tíṣà. Ọdún 1843 ni Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù tó fi í jẹ díákónì, kó tó di àlùfáà lọ́dún yẹn kan náà. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá sì jáde nínú ọdún ọ̀hún. Ẹni tó bá rò pé oyè ló sọ ọ́ di ọ̀mọ̀wé, kó ṣírò ọdún wọ̀nyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, ọdún 1864, tí wọ́n fẹ́ fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní kàtídírà Canterbury, Ìyáàfin Weeks, opó míṣọ́nnárì kan tó di bíṣọ́ọ̀bù Sàró, wà láàárín èrò. Àwọn tó kọ ìtàn ọjọ́ náà ní wọ́n fẹ́ dá a dìde lórí àga tó jókòó sí, torí àwọn ẹni ńlá ni wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ dè. Ó fèsì pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí i, nítorí òun lòun kọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè ní A-B-C. Wọ́n fi í sílẹ̀. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù tó gbé ọwọ́ lé obìnrin yìí lórí rí. Síbẹ̀, bí ìka rẹ̀ kò bá kọ́kọ́ tọ́ka lẹ́tà sí ọmọ Òṣoògùn, ta ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Longley, tó fi í joyè lọ́jọ́ náà, ì bá gbé ọwọ́ lé?

Àwọn kan á ní Jésù ti ka orúkọ olùkọ́ léèwọ̀ nínú Mátíù 23. Ẹ ka orí náà láti òkè: àwọn tó fẹ́ràn ìjókòó ọlá àti ìkíni lọ́jà, tí wọ́n ń di ẹrù wúwo lé ẹlòmíràn lórí, ló ń bá wí. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, Pọ́ọ̀lù kì bá ti ní kí a ka alàgbà tó ń ṣe làálàá nínú ìkọ́ni yẹ fún ọlá ìlọ́po méjì, kó tún wá fi ọ̀rọ̀ màlúù tó ń pakà àti owó ọ̀yà alágbàṣe gbè é lẹ́sẹ̀. Owó wà nínú ọlá tó ń wí. Òwe wa sì bá ìjọ wí níbí, torí aṣọ la sábà máa ń bu ọlá fún, a kì í bojú wo ẹni tó làágùn. Charles Spurgeon, oníwàásù Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀ jálẹ̀ pé kí wọ́n má fi ètò kankan fi òun joyè, ṣùgbọ́n ní 1856 ó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ fún àwọn pásítọ̀. N kò bá a lọ lórí ti àkọ́kọ́, nítorí ẹni tí ìjọ kò rán níṣẹ́, ta ni yóò bi í léèrè iṣẹ́? Ti ìkejì gún régé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ tó ń múra àtifi ènìyàn joyè àlùfáà, ẹ kọ orúkọ àwọn tó kọ́ ọ sínú ìwé ètò ìsìn ọjọ́ náà, títí kan kátíkísì abúlé àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ẹ sì san owó ìfẹ̀yìntì kátíkísì náà kí ẹ tó ra kásọ́ọ̀kì tuntun.