Ìpíndọ́gba Kò Gbára Lé Fífojú Dá Fàkítóríà Kéékèèké

Ní ọdún 1877, Ludwig Boltzmann ka iye ọ̀nà tí N mólékù lè gbà pín sí oríṣiríṣi ìpele agbára: N! tí a fi n₁!, n₂! àti àwọn yòókù pín, níbi tí nᵢ ti jẹ́ iye mólékù tó wà ní ìpele i. Láti mọ ìpín tí ọ̀nà rẹ̀ pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ ìwé físíìsì máa ń fi ìfojúdá Stirling, ln n! ≈ n ln n − n, rọ́pò gbogbo fàkítóríà wọ̀nyí. Kò sí àríyànjiyàn lórí N, nítorí ó tóbi kọjá àfẹnusọ. nᵢ ńkọ́? Nínú gáàsì tó fẹ́lẹ́, ìpele agbára pọ̀ ju mólékù lọ fíìfíì, òfìfo sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí n bá jẹ́ 100, ìfojúdá náà mú 360.5 wá dípò 363.7, èyí tó dára. Bí ó bá jẹ́ 10, 13.0 ló mú wá dípò 15.1. Bí ó bá jẹ́ 1, −1 ló mú wá níbi tó yẹ kí òdo wà.

Síbẹ̀, èsì tí wọ́n dé, pé nᵢ ń tẹ̀lé e^(−βεᵢ) (εᵢ ni agbára ìpele i, β sì jẹ́ iye kan náà fún gbogbo ìpele), tọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ìdí rẹ̀ kò ṣàṣejù rárá; ó yẹ ká dá a lóhùn.

Ìpíndọ́gba ni ká wá. Pe àpapọ̀ ọ̀nà tí N mólékù lè gbà pín agbára E ní Ω(N, E). Níwọ̀n bí nᵢ/nᵢ! ti jẹ́ 1/(nᵢ−1)!, a rí i pé

⟨nᵢ⟩ = N · Ω(N−1, E−εᵢ) / Ω(N, E).

Kò sí ìfojúdá kankan níbẹ̀. Ìgbà tí a bá fẹ́ mọ bí ln Ω ṣe dín kù lẹ́yìn tí mólékù kan kúrò la tó nílò rẹ̀, àwọn tó ṣẹ́ kù sì pọ̀ rẹpẹtẹ, bí εᵢ bá ti kéré sí E. Ọ̀nà ìpíndọ́gba yìí ni Charles Galton Darwin àti Ralph Fowler tọ̀ ní 1922. Títóbi N ni wọ́n gbójú lé. Ó dùn mí pé ìwé ẹ̀kọ́ díẹ̀ ló ń fi ṣáájú.

Kí ló wá kó Stirling yọ? ln n! − ln (n−1)! jẹ́ ln n gẹ́lẹ́, ln n yìí kan náà sì ni ìfojúdá náà ń fún wa bí a bá wá ìwọ̀n ìyípadà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe, tó wá lo fọ́ńṣọ̀n gamma fún nᵢ, yóò rí i pé ìpele tó ṣófo jù yóò ní iye mólékù tó wà lábẹ́ òdo.