Ìtàn Àwọn Tó Ń Tọ́ Bíà Wò, Tí Wọ́n sì Ń Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìtàn ogun, ìtàn ọba àti ìtàn òṣèlú nìkan ni ìtàn. Nínú àròkọ yìí, ìtàn ohun tó wà nínú ife ni mo fẹ́ sọ. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Bẹ́ljíọ̀m lónìí, àwọn ènìyàn wà tí wọ́n fi í ṣe ìpèníjà fún ara wọn pé àwọn yóò máa tọ́ bíà kan tí àwọn kò mu rí wò lójoojúmọ́, fún oṣù kan tàbí fún odidi ọdún kan. Bí wọ́n bá tọ́ ọ wò tán, wọn a kọ orúkọ rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀ àti bí ó ṣe rí lẹ́nu sílẹ̀. Wọn a sì fún un ní máàkì bí olùkọ́ ṣe ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Bíà àwọn apọntí kéékèèké ni wọ́n sábà máa ń yàn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, èyí lè jọ eré ọ̀mùtí lójú yín. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, n kì í mu ọtí, òfin kò sì gbà mí láyè láti rà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìtàn bí àṣà yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa Yorùbá gan-an. Ọtí tí ẹnìkan kọ nípa rẹ̀ lè kú kí ó sì tún jí. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ nípa rẹ̀, ọjọ́ tí apọntí rẹ̀ ìkẹyìn bá kú ni òun náà kú. Ìtàn ni mo fẹ́ fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà jù lọ. Àwọn ará Sumer, tí wọ́n gbé ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Iraq lónìí, ní òrìṣà obìnrin kan tí ń jẹ́ Ninkasi. Òun ni òrìṣà ọtí. Ní nǹkan bí ọdún 1800 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n kọ orin ìyìn rẹ̀ sórí wàláà amọ̀. Inú orin náà ni wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rẹ ọkà, bí wọ́n ṣe ń pò ó àti bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ọtí rẹ̀. Onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Miguel Civil túmọ̀ orin náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1964. Ní ọdún 1989, Fritz Maytag, ẹni tó ni ilé ìpọntí Anchor ní San Francisco, pọn bíà nípa títẹ̀lé ohun tó wà nínú orin náà. Ọtí tó ti sùn fún ohun tó lé ní 3,700 ọdún tún padà sínú ife. Kò sí ará Sumer kankan láyé mọ́ tó lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Wàláà amọ̀ ni olùkọ́.

Ọ̀rọ̀ ìlú Hoegaarden ní Bẹ́ljíọ̀m yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n ti ń pọn bíà funfun níbẹ̀, àlìkámà sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà tí bíà láágà gba ìgboro, àwọn apọntí ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín àwọn ọdún 1950, ilé ìpọntí tó kẹ́yìn, ti ìdílé Tomsin, ti ilẹ̀kùn. Ẹnìkan wà ní àdúgbò náà tí ń jẹ́ Pierre Celis, tí ó máa ń gbé wàrà kiri ilé àwọn oníbàárà. Nígbà èwe rẹ̀, ó ti bá Tomsin ṣiṣẹ́ díẹ̀ níbi ìpọntí. Ní àwọn ọdún 1960, ohun tó rántí ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà funfun padà. Lónìí, orúkọ Hoegaarden wà lára ìgò káàkiri àgbáyé. Orí ló yọ ọtí yẹn. Bí Celis bá ti kó lọ sí ìlú mìíràn ńkọ́? Bí ó bá ti gbàgbé ńkọ́?

Àwọn kan kò fẹ́ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún orí. Ní ọdún 1971, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí CAMRA. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń pa bíà àtijọ́ tó ń hó fúnra rẹ̀ nínú àgbá run, wọ́n ń fi bíà tí wọ́n fẹ́ gáàsì sí rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń lọ láti ilé ọtí kan sí òmíràn, wọ́n ń tọ́ ọ wò, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1974, wọ́n tẹ ìwé atọ́nà wọn, Good Beer Guide, jáde.

Ẹni tó wá sọ títọ́wò di iṣẹ́ ìwé kíkọ pátápátá ni Michael Jackson. Kì í ṣe olórin Amẹ́ríkà yẹn o! Akọ̀ròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni eléyìí, tí wọ́n bí ní agbègbè Yorkshire ní ọdún 1942. Ní ọdún 1977, ó gbé ìwé The World Guide to Beer jáde. Ó to bíà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí, ó sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá àti bí ó ṣe rí lẹ́nu. Títí ó fi kú ní ọdún 2007, kò dẹ́kun kíkọ.

Ìwé náà bọ́ sí àkókò ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1920 títí di 1933, òfin de ọtí ní gbogbo ilẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ apọntí kékeré kò sì padà wá mọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ilé ìpọntí tó kù kò tó 100, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ń pọn irú bíà kan náà. Ní ọdún 1976, Jack McAuliffe dá ilé ìpọntí kékeré New Albion sílẹ̀ ní Sonoma, ní Kalifóníà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1978, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó fún aráàlú láyè láti máa pọn bíà nínú ilé wọn. Irú bíà tí wọn kò rí rí, inú ìwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. New Albion kógbá sílé ní 1982, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó là kò dí. Ilé ìpọntí Amẹ́ríkà ti lé ní 9,000 báyìí.

Bí bíà ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n ṣe nílò òṣùwọ̀n. Ní ọdún 1985, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn adájọ́ bíà. Nínú ìwé ìdájọ́ wọn, máàkì 50 ni gbogbo rẹ̀: òórùn ní 12, ìrísí ní 3, adùn ní 20, bí ó ṣe rí nínú ẹnu ní 5, ìdájọ́ lápapọ̀ sì ní 10. Àwọn tí ń ṣe ìpèníjà ojoojúmọ́ kì í ṣe adájọ́, síbẹ̀ ìlànà yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tẹ̀ lé. Apá kan wà nínú àṣà náà tí n kò gbà wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè sọ pé kò léwu, nítorí náà mímu lójoojúmọ́ kì í ṣe ohun àwòkọ́ṣe. Kíkọ lójoojúmọ́ ni ó yẹ kí a kọ́ lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé báyìí. Bíà Star, tí wọ́n pọn ní Ìgànmú ní Èkó, jáde ní ọdún 1949. Guinness dé Ìkẹjà ní 1962. Ní 1978, ilé iṣẹ́ bíà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Iléṣà. Ṣùgbọ́n kí ìgò tó dé, àwọn ìyá wa ti ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, wọ́n ti ń fi ọkà bàbà pọn ọtí, wọ́n sì ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe agadagídí. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó ọkà báálì wọ Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1988, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní láti kọ́ bí a ṣe ń fi bàbà àti àgbàdo pọn bíà. Ohun tí àwọn ìyá wa ti mọ̀ tipẹ́ ni! Kódà ní Kúbà, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lọ, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní nínú ọdún òrìṣà, tí wọ́n ń pè é ní chequeté.

Ìyá tó bí ìyá mi ń gbé ní Iléṣà. Wọ́n pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, ṣùgbọ́n ìyá mi kò mọ̀ ọ́n pọn. Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo mú ìwé àti bírò tọ̀ wọ́n lọ. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fẹ́ fi ọtí ṣe?" Mo ní, "Màmá àgbà, mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni, n kò ní mu ún." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní a ó rẹ àgbàdo sínú omi, a ó dà á sínú apẹ̀rẹ̀ tí a tẹ́ ewé sí, a ó bò ó títí yóò fi hù. Mo béèrè iye ọjọ́. Wọ́n ní kì í ṣe ọjọ́ ni àwọn ń kà, pé bí èéhù rẹ̀ bá ti gùn tó èékánná, ó tó nìyẹn. A ó sá a gbẹ, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ kìíní, ó ń dùn, ó sì ki lẹ́nu. Ní ọjọ́ kejì, ó ti ń kan. Bó bá di ọjọ́ kẹta, a máa ta ọ̀fun, a sì máa gun orí. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, mo ń rí i pé gbogbo ohun tí ìwé ìdájọ́ àwọn Amẹ́ríkà ń béèrè ni wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún.

Nígbà náà ni mo béèrè ohun tí wọ́n máa ń fi sí i kí ó lè korò díẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní èèpo igi kan ni, pé ọ̀rẹ́ àwọn ló máa ń bó o wá láti oko, pé ọ̀rẹ́ náà ti kú, orúkọ igi náà sì ti lọ lórí àwọn. Mo fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ nínú ìwé mi. Àyè náà ṣì ṣófo.

Kò sí Pierre Celis nínú ìdílé wa, kò sì sí wàláà amọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọtí nìkan. Oúnjẹ, àgbo, aró dídá àti ọṣẹ dúdú wà lára rẹ̀. Yorùbá ní, àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́. Baálé ilé kú, ilé di ahoro. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣe ìpèníjà tiwa. Bí ìsinmi bá dé, ẹ mú oúnjẹ tàbí ohun mímu ilé kan lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ kọ ìrísí rẹ̀, òórùn rẹ̀, adùn rẹ̀ àti bí ó ṣe rí lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n ṣe pé, kí ni wọ́n fi sí i? Ẹ kọ orúkọ ewé àti orúkọ igi, ẹ sì fi àmì ohùn sí i. Ẹ béèrè nígbà tí ẹni tó mọ orúkọ náà ṣì wà láàyè.