Ọlá Baba àti Iṣẹ́ Ọmọ: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Ilé Crowther

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa pa á lówe pé, "Ọlá àbàtà ní í mú odò ṣàn, ọlá baba ẹni ní í mú ni yan." Òwe òtítọ́ ni. Kò sí ọmọ tí ó dá wá sí ayé ní òun nìkan. Bí baba bá jẹ́ olókìkí, àwọn ènìyàn a kí ọmọ kí ọmọ tó kí wọn, wọn a sì fún un ní ìjókòó kí ó tó bèèrè. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àbàtà bá gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ti àwọn odò mìíràn tí kò ní àbàtà kankan lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ méjì wọ̀nyí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò, kí a sì fi ìtàn ilé kan tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí olùkọ́ tàbí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan láàrín wa tan ìmọ́lẹ̀ sí i, èyíinì ni ilé Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí Sámúẹ́lì wòlíì, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí ó di arúgbó, ó fi àwọn ọmọ rẹ̀, Jóẹ́lì àti Ábíjà, ṣe onídàájọ́ ní Bíáṣébà. Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn owó ju òtítọ́ lọ, àwọn àgbà Ísírẹ́lì sì fi èyí ṣe ìdí tí wọ́n fi wá bèèrè ọba. Mósè ní tirẹ̀ bí ọmọkùnrin méjì, Gẹ́ṣómù àti Élíésérì. Síbẹ̀, nígbà tí àkókò tó láti yan ẹni tí yóò kó àwọn ènìyàn wọ ilẹ̀ ìlérí, Jóṣúà ọmọ Núnì, ẹni tí ó ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe, ni ó gbé ọwọ́ lé lórí. Baba rere ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan fi ipò fún ẹni tí ó bí, èkejì sì fi í fún ẹni tí iṣẹ́ ti dán wò.

Ìjọ ti Róòmù pẹ̀lú mọ ìdánwò yìí. Ó di àṣà fún ọ̀pọ̀ Póòpù láti máa fi ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò wọn jẹ Kádínà. Ní 1493, Póòpù Alexander Kẹfà fi Cesare Borgia, ọmọ bíbí inú ara rẹ̀, sí ipò náà nígbà tí ọmọ náà kò tíì pé ẹni ogún ọdún. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń lò fún ojúsàájú ẹbí títí di òní, inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ítálì fi ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ni ó ti jáde wá. Ó di ọdún 1692 kí Póòpù Innocent Kejìlá tó fi òfin de àṣà náà.

Ẹ jẹ́ kí a yíjú sí ilé wàyí. Ní nǹkan bí ọdún 1807 ni a bí Àjàyí ní Òṣogùn. Ní 1821 ogun kó ìlú náà, a sì mú ọmọ náà lẹ́rú. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, tí wọ́n sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró. Níbẹ̀, kò sí ọlọ́lá kan tí ó mọ baba rẹ̀. Orúkọ Crowther gan-an, orúkọ àlùfáà òyìnbó kan ni, tí a fi fún un nígbà ìrìbọmi. Ìwé tí ó kọ́ àti ìwà tí ó hù ni ó gbé e dé Fourah Bay ní 1827. Ó di àlùfáà ní 1843. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà ọdún 1864 a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Ọkùnrin tí kò ní ọlá baba lẹ́yìn ni ó wá di àbàtà fún àwọn ọmọ tirẹ̀.

Àwọn ọmọ náà kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Samuel kọ́ nípa ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, níbi tí òun àti Henry Robbin ti ṣe àbójútó iṣẹ́ òwú tí a dá sílẹ̀ kí òwò rere lè rọ́pò òwò ẹrú. Abigail fẹ́ T. B. Macaulay, àlùfáà tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. Grammar School ní Èkó ní 1859. Ọmọ wọn ni Herbert Macaulay, ẹni tí okìkí rẹ̀ kàn nínú ọ̀ràn ìṣèlú títí ó fi kú ní 1946. Josiah yan iṣẹ́ òwò, ó sì di olórí aṣojú West African Company lórí Odò Ọya. Dandeson, tí a bí ní 1844, lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì C.M.S. ní Islington. Ní 1870, baba rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó gbé ọwọ́ lé e lórí fún iṣẹ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní Bonny, baba rẹ̀ fi í ṣe Akídíákónì, èyíinì ni alábòójútó lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù, lórí àwọn ìjọ ìsàlẹ̀ odò. Henry Johnson, tí kì í ṣe ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù, ni a fi ṣe ti òkè odò.

A gbọ́dọ̀ ṣe òdodo sí Dandeson. Bonny kì í ṣe àga tìmùtìmù. Wọ́n ṣe inúnibíni sí àwọn onígbàgbọ́ níbẹ̀. Ní 1875 ni wọ́n pa Joshua Hart nítorí pé ó kọ̀ láti jẹ ohun tí a fi bọ òrìṣà. Ẹni tí ó bá ń wá ìrọ̀rùn kò ní jókòó sí irú ibẹ̀.

Níbo ni ọ̀ràn náà wá wà? Ó wà ní ibi tí ojú kì í tètè dé. Baba ni olórí ìjọ. Ọmọ kan ni alábòójútó lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ mìíràn sì ni ó wà lórí òwò ní odò kan náà tí ìjọ ti ń ṣiṣẹ́. Bí Dandeson bá ṣe dáradára, ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ á ní baba rẹ̀ ni ó ń gbé e ga. Bí ó bá kùnà, yóò ní baba rẹ̀ ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí ìjọ bá sì fi ẹrù rán ilé-iṣẹ́ Josiah, àwọn oníṣòwò tí ń bá a díje á kígbe pé wọ́n ti sọ iṣẹ́ Olúwa di ọjà ẹbí. Kò pọn dandan kí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jẹ́ òtítọ́ kí wọ́n tó ṣe ìpalára. Ó tó kí ẹnikẹ́ni má lè fi ẹ̀rí hàn pé irọ́ ni wọ́n.

Àwa kò sọ pé èyí ni ó fa ìpọ́njú Bíṣọ́ọ̀bù. Ohun tí ó fà á ni pé àwọn òyìnbó ajíhìnrere tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní àkókò náà kò gbàgbọ́ pé ènìyàn dúdú lè ṣe olórí ìjọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń wá igi tí wọn yóò fi nà án, ọ̀kan ti wà nílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890, ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso owó ìjọ pàdé ní Onitsha. F. N. Eden tí í ṣe akọ̀wé kéde pé a dá àwọn òṣìṣẹ́ mélòó kan dúró, Dandeson sì wà lára wọn. Baba, tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ni ó jókòó níbẹ̀ tí wọ́n ń fẹ̀sùn kan ọmọ rẹ̀.

Kí ni baba náà lè sọ? Bí ó bá gbèjà rẹ̀, ẹbí ni ó ń gbèjà. Bí ó bá dákẹ́, ó fi òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyà. Ní ọjọ́ tí ọmọ nílò ẹlẹ́rìí jùlọ, ẹlẹ́rìí tí ó mọ̀ ọ́n jùlọ ni ẹ̀rí rẹ̀ kò wúlò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí òun ni oró tí ó fara pamọ́ sínú oore tí baba ń fi ipò ṣe fún ọmọ. A máa ń sọ pé ojúsàájú ń pa ọmọ ẹlòmíràn lára. Ó ń pa ọmọ tí a fi ṣe ojúsàájú náà lára pẹ̀lú. Bíṣọ́ọ̀bù fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891, ó sùn nínú Olúwa ní Èkó.

Àbàtà gbẹ. Ǹjẹ́ odò náà gbẹ pẹ̀lú? Ní ọdún 1892, àwọn ìjọ ẹsẹ̀ òkun, Bonny àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kéde pé àwọn yóò máa bọ́ ara àwọn, láìgba owó lọ́wọ́ C.M.S. mọ́. Wọ́n pe ara wọn ní Niger Delta Pastorate, Dandeson sì ni ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí. Kò sí baba tí yóò yàn án mọ́. Àwọn tí ó ti bá gbé láti ogún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n yàn án, wọ́n sì fi owó àpò wọn ṣe ẹ̀rí. Ní 1900, nígbà tí a óò fi ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ṣe olùrànlọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù ní apá ibẹ̀, James Johnson ni a yàn. Dandeson kò jókòó sórí àga baba rẹ̀ rí. Ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn, Akídíákónì náà ni ó sì ń jẹ́. Ó kú ní 1938. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó tó, ọdún tí ó tẹ̀lé ikú baba rẹ̀ ni kí a wò.

A ti ṣèlérí láti sọ ti àwọn odò tí kò ní àbàtà. Láàrín àwọn tí ó bá Crowther ṣiṣẹ́ ní ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé ni James Thomas wà, ọmọ apá ilẹ̀ Yorùbá tiwa yìí, ní àríwá ìlà-oòrùn. A kó òun náà lẹ́rú, ó sì ti Sàró padà wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀. Nǹkan bí ogún ọdún ni ó fi sìn ní Gbebe àti Lọ́kọ́ja. Nígbà tí ogun abẹ́lé ba Gbebe jẹ́ ní 1866, kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rán an lọ sí Islington, kò sì jẹ Akídíákónì. Ṣùgbọ́n ó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀, lónìí àwọn onímọ̀ ìtàn sì ti tẹ ìwé náà jáde, wọ́n sì ń kà á kí wọ́n lè mọ bí ayé ti rí ní ibẹ̀ nígbà náà. Bí ọkùnrin tí a kò là lọ́nà bá ṣe tó báyìí, kí ni ì bá ṣe bí a bá là á? Ìbéèrè yìí ni gbogbo ojúsàájú ń fi sílẹ̀ láìdáhùn, nítorí a kì í mọ orúkọ ẹni tí a kò pè wọlé.

Àwọn kan yóò wí pé, "Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn." Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ti ara ẹni ni òwe náà ń sọ. Kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ìlú. Oko mi, ọmọ mi ni ó ni í. Ipò tí ìjọ tàbí ìlú fi sí ìkáwọ́ mi, èmi kọ́ ni mo ni ín. Àwọn baba wa ní ilẹ̀ Òkun mọ èyí kí ìwé tó dé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, oyè ọba kì í jókòó sí ilé kan. Bí agbo-ilé kan bá jẹ tán, a yí i sí òmíràn. Baba tí ó wà lórí àga mọ̀ pé ọmọ òun kọ́ ni yóò jókòó síbẹ̀ lọ́la, nítorí náà ó kọ́ láti máa fi ìwà rere bá ọmọ ẹlòmíràn lò.

A kò wá sọ pé kí a lé ọmọ ọlọ́lá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìwà ìkà ni èyí náà yóò jẹ́, ì bá sì ti gba Dandeson lọ́wọ́ Bonny. Ohun tí a ń wí kò ju pé kí ẹni tí ó bí ọmọ má ṣe jẹ́ ẹni tí ó di òṣùwọ̀n mú. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ní Ìyámoyè níhìn-ín àti ní ibi gbogbo, bí ọmọ yín bá jókòó ìdánwò, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ mìíràn yẹ ìwé rẹ̀ wò. Bí a óò bá yan olórí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, tí orúkọ ọmọ yín sì wà nínú rẹ̀, ẹ bọ́ síta kí àwọn yòókù yàn. Bí ó bá yege, ẹ̀bùn tí ẹ kò lè fi ọwọ́ ara yín fún un ni ẹ ti fún un: ẹnikẹ́ni kò ní lè gba ìyìn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí baba yín lórúkọ, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wá iṣẹ́ lọ sí ibi tí orúkọ náà kò dé. Ẹ̀yin tí ẹnìkan kò mọ baba yín, ẹ rántí ọmọ Òṣogùn tí ó sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ní Sàró láìní ohunkóhun lọ́wọ́. Àbàtà yín kò tíì sí. Ẹ̀yin ni ẹ ó jẹ́ ẹ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí omi rẹ̀ tó ọmọ yín mu, kí ó sì ṣẹ́kù fún ọmọ aládùúgbò.