Ọ̀RỌ̀ ÌWÒSÀN LÁTI ẸNU DÉ ẸNU: LÁTI 1918 TÍTÍ DÉ ORÍ FÓÒNÙ WA

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn ará ti ń fi fídíò ìlera ránṣẹ́ sí wa pé kí a bá wọn wò ó. Èyí ní omi ewúro ń wo ìtọ̀ ṣúgà. Òmíràn ní aáyù àti ọsàn wẹ́wẹ́ yóò lé ẹ̀jẹ̀ ríru lọ láàárín ọjọ́ 7. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fídíò náà ló ń ká wa lára jù. Ohun tí àwọn tó wò ó ń béèrè ni. "Pásítọ̀, ṣé kí n dá oògùn tí dókítà fún mi dúró?" "Ṣé aláboyún lè mu ún?" "Èló ni, níbo la ti lè rà á?" "Apá òsì màmá mi ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ṣé ó lè ràn wọ́n lọ́wọ́?"

Ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ àwọn ìbéèrè wọ̀nyí yóò gbọ́ ohun mẹ́ta nínú wọn: ìbẹ̀rù, àìlówó, àti àìrẹ́ni bi. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó wà nínú ìtàn àwa ìjọ aládùúrà àti ìjọ Ẹlẹ́mìí gan-an. Ẹ jẹ́ ká rìn ín díẹ̀.

Ní oṣù September 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àjàkálẹ̀ àrùn wọ Èkó, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú. Ó bá ọkọ̀ ojú irin àti ẹsẹ̀ àwọn oníṣòwò wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn òpìtàn ṣírò pé ó tó 500,000 ènìyàn tó kú ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn ò tó nǹkan nígbà náà, dókítà ò sì pọ̀. Kódà níbi tí dókítà wà, kò sí oògùn kankan lágbàáyé tó lè pa àrùn náà. Òyìnbó ń kú ní London, àwa náà ń kú níbí.

Àkókò yẹn ni àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí J. B. Ṣadárẹ ṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ gbàdúrà. Ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Odunlami, wà láàárín wọn. Ó ní Ẹ̀mí bá òun sọ̀rọ̀ pé kí àwọn ènìyàn lo omi òjò fún ìwòsàn, kí wọ́n sì kọ oògùn gbogbo. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Precious Stone ti dìde. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Nígbà tí oògùn ò sí, ta ni wọn ì bá sá tọ̀ bí kò ṣe Ọlọ́run?

Ọdún 12 lẹ́yìn rẹ̀, ní July 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oyè, Iléṣà. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni Olúwa lò. Odò-Ọwá, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ni ìlú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tẹ títì ló ń wà fún ìjọba kí ìpè tó dé bá a ní 1928. Agogo, àdúrà àti omi ló fi ṣiṣẹ́ ní Iléṣà. Àwọn èrò ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Kì í ṣe rédíò ló pè wọ́n, kì í sì í ṣe ìwé ìròyìn. Ẹnu ló pè wọ́n. Ẹnì kan gba ìwòsàn, ó délé, ó sọ fún ará àdúgbò rẹ̀. Ará àdúgbò mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé ọdún mélòó ló ti wà lórí ibùsùn. Bí ó bá parọ́, gbogbo agboolé ni yóò mọ̀.

Ṣé ẹ rí ohun tí a ń wí? Ẹ̀rí ìgbà yẹn ní ojú, ó ní orúkọ, ó ní ilé. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò òde òní, ta ló mọ̀ ọ́n? Ọmọ ta ni? Bí oògùn rẹ̀ bá ba kíndìnrín ẹ jẹ́, ilé ta lo máa lọ kan ìlẹ̀kùn? Nígbà mìíràn pàápàá, kì í ṣe ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà ló ya ojú, tó sì fi ohùn sí i.

Ìbéèrè "ṣé kí n gbé oògùn tì?" náà ti pẹ́ láàárín wa. Àwọn àgbà ìjọ wa ti pe àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bá wọn ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àwọn míṣọ́nnárì náà ń lo kuníìnì nítorí ibà. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Àwọn bí I. B. Akinyẹle àti D. O. Odubanjọ ní ẹni tó ń wàásù ìwòsàn Ọlọ́run kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oògùn. Àwọn òyìnbó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó pín wọn níyà, tí Christ Apostolic Church fi dá dúró, tí ìjọba sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1943. Akinyẹle yìí kan náà ló wá jọba ní Ìbàdàn ní 1955.

A ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àwọn tó kọ oògùn nígbà yẹn, ara tiwọn ni wọ́n fi kọ́kọ́ ṣe é. Wọn ò tà nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó wà lórí fóònù wa, ó ní ká fi oògùn dókítà sílẹ̀, ká wá ra tòun.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ìgbà tí fóònù dé. Ní July 2014, Ebola wọ Èkó láti Liberia. Ní oṣù August, lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, ìpè ń dún káàkiri Nàìjíríà: "Ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́!" Ìyá ń jí ọmọ, ọmọ ń pe bàbá ní oko. Ìfẹ́ ló mú wọn pè, kì í ṣe ìkà. Àjọ Ìlera Àgbáyé wá kéde pé ó kéré tán ènìyàn 2 ló kú ní Nàìjíríà látàrí omi iyọ̀ yẹn. Gbogbo àwọn tí Ebola fúnra rẹ̀ pa ní orílẹ̀-èdè yìí, 8 ni.

Kí ló wá lé Ebola lọ? Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde nílé ìwòsàn. Ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá ènìyàn 894 tó ti fara kan àwọn aláìsàn, wọ́n sì kan ìlẹ̀kùn wọn nígbà tó tó 18,500. Ní October 20, 2014, a bọ́. Ènìyàn tó wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ, tó wo ojú rẹ, tó tún padà wá lọ́la, òun ló borí.

Ọdún 2020 náà ńkọ́? Ní oṣù March, ààrẹ Amẹ́ríkà yin chloroquine lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò pẹ́ tí àwọn kan ní Èkó fi dé ilé ìwòsàn nítorí wọ́n ti lò ó jù.

Ẹ gbọ́ o, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá ní Ìlá nìyí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ dáadáa, ara yóò yá a. Ó wo fídíò, ó dá oògùn dúró, ó ń mu aáyù. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sí nǹkan tó ṣe é, ó jẹ́rìí, gbogbo ayé ní "Àmín". Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, rọpárọsẹ̀ dé. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, kò lè padà wá sọ ẹ̀rí kejì. Ẹ̀rí àwọn tó ṣì dúró nìkan là ń gbọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ṣe báyìí. Ẹ má dá oògùn dókítà dúró láìbi ẹni tó kọ ọ́. Ẹ máa ka ara ìgò: nọ́ńbà NAFDAC wà lára ọ̀pọ̀ àgbo, ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò. Ẹ má fi ohun tí ẹ ò mọ orísun rẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá yín. Bó bá jẹ́ owó ni ìṣòro, ẹ sọ fún wa, ẹ má fi pamọ́. Ìjọ ò ní jẹ́ kí ẹ dá a gbé. Àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ yóò máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn ìsìn ní Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọ̀fẹ́ ni.

Ọlọ́run tó wo Hesekáyà sàn ló jẹ́ kí wòlíì ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo rẹ̀. Àdúrà wà níbẹ̀, ìtọ́jú wà níbẹ̀. Lúùkù tó kọ Ìhìnrere, oníṣègùn ni.

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ẹni tó mọ̀nà ló bi. Ẹ máa béèrè, ará. Ṣùgbọ́n ẹ máa bi ẹni tí ẹ mọ ilé rẹ̀.

Olúwa yóò fún wa ní ìlera pípé. Rọpárọsẹ̀ ò ní jẹ́ ìpín wa, ní orúkọ Jésù. Àmín.